Idẹ Ìdílé Lọ́ọ̀dù tí A Fín ní Ìkẹjà

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, Ràfíátù, ń wá iṣẹ́ tí yóò kọ́. Lánàá ó ní kọ̀ǹpútà ni, lónìí ó ní aṣọ rírán ni, àfàìmọ̀ kó má sọ lọ́la pé bàálù lòun fẹ́ wà. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ ìfín ni tèmi. Mo ní n kò mọ̀ rárá. Àìríṣẹ́ ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n gbà mí, owó tí wọ́n ń san sì tó jẹun. Ọ̀rọ̀ owó tán síbẹ̀. Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe.

Ìfín ni kí a fi irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ lẹ́tà tàbí àwòrán sára idẹ. Pátákó orúkọ tó ń dán lẹ́nu ọ̀nà dókítà, ife ẹ̀yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù, òǹtẹ̀ ilé-ẹjọ́, gbogbo wọn ló ti gba ọwọ́ wa kọjá. Ilé-iṣẹ́ wa wà ní Ìkẹjà, bisikíìtì ni wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Láti Agége ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn wá láràárọ̀. Òórùn búrẹ́dì á máa bá mi bọ̀ títí n ó fi kọjá ojú irin, bó bá di ọ̀hún, ti bisikíìtì á tún gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀ kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yẹn.

Kíkun ọ̀dà dúdú sínú lẹ́tà ni wọ́n gbà mí fún. Obìnrin ló ń kun ọ̀dà, ọkùnrin ló ń fín, bí mo ṣe bá a nìyẹn. Olórí yàrá ìfín ni Ọ̀gá Ọnàfọwọ́kàn, ọmọ Ìjẹ̀bú, alàgbà ní ìjọ Aládùúrà. Orúkọ wọn kò purọ́ mọ́ wọn, torí ilé oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n ti bí wọn. Wọ́n kúrú, wọ́n lágídí, awò tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ sì máa ń wà lójú wọn kan, bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kan mo ń kun ọ̀dà sí pátákó kan, ni mo bá sọ láìronú pé, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ lẹ́tà yìí gùn ju èkejì lọ." Ọ̀gá gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n sọ ọ́ sínú àgbá àlòkù. Wọ́n ní, "Ojú tó bá rí àléébù, ó yẹ kó ní ọwọ́ tó lè tún un ṣe. Lọ́la, wá jókòó síbí." Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ má rò pé idẹ ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Páànù ni. Ìlà títọ́ ni mo ń fà sára páànù títí ojú fi ń ro mí. Tí ìlà bá wọ́, Ọ̀gá kò ní nà mí, wọn kò ní bú mi. Wọ́n á kàn gbé páànù náà, wọ́n á jù ú sínú àgbá, wọ́n á sì gbé òmíràn síwájú mi. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń sọ ṣáá: "Mí síta kó o tó gé." Ẹni tó bá ń mí sínú, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n. Wọ́n tún máa ń ní ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n idẹ le ju ohùn lọ, torí ẹni tó ṣìsọ ṣì lè bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọkùnrin yàrá náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Sàlámọ̀, ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń fín irin?" Mo ní ẹni tó bá nílò pátákó orúkọ ni. Mo sì rí ẹni tó nílò rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jẹ́rọ́mù. Òyìnbó Àbúrò làwa ń pè é lẹ́yìn, torí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan nílùú òyìnbó, Lọ́ọ̀dù ńlá, òun ló sì ni ilé-iṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Òyìnbó Àbúrò. Ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo wa, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìfín kó kàn wá jókòó.

Ní ọdún tí mo retí láti gba fíríìdọ̀mù, ìròyìn gbòde pé wọ́n fẹ́ ti yàrá ìfín pa, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fín fúnra rẹ̀. Lọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni yóò wá wò ó kó tó fọwọ́ sí i. Bó bá fọwọ́ sí i, ilé yá fún Ọ̀gá nìyẹn, èmi náà á sì padà sídìí ọ̀dà, tí ọ̀dà bá tilẹ̀ kù láti kùn. Òyìnbó Àbúrò kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá bá Ọ̀gá pé kí wọ́n fín ìtàn ìdílé àwọn sára idẹ ńlá kan, pẹ̀lú àwọn oyè ibẹ̀ àti gbogbo ẹni tó ti jẹ wọ́n. Lọ́ọ̀dù ni yóò ṣí aṣọ lójú rẹ̀. "Tí ó bá rí i," ó ní, "kò ní lè sọ pé ẹ̀rọ lè ṣe irú rẹ̀." Idẹ yẹn ni yóò gbà wá, tàbí kó lé wa.

Ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ló di ìjánu ẹṣin ọba mú lójú ogun nígbà tí gbogbo ènìyàn sá lọ, ọba bá fi í jẹ Bárónì, oyè Lọ́ọ̀dù tó kéré jù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ obìnrin kan tó sún mọ́ ayaba, oyè bá tún gòkè, wọ́n fi í jẹ Fáíkáǹtì Lẹ́dìn. Nígbà tó yá, ẹnì kan nínú wọn lọ ṣojú ọba lókè òkun, ó parí ìjà ńlá kan, òun ló kọ́kọ́ jẹ Ẹ́ẹ̀lì ìlú Tọ́nmíà, oyè tó ga ju méjèèjì ìṣáájú lọ.

Ọ̀gá yọ awò lójú. "Nígbà tí wọ́n fún un ní ńlá, ta ló wá ń jẹ kékeré?"

"Òun náà ni. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹnì kan."

"Àwọn ilé yòókù ńkọ́? Ìgbà wo ló ń kàn wọ́n?" Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí ilé kan bá jẹ tán, ó kan ilé kejì.

"Kò sí ilé mìíràn. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń jẹ ẹ́, ọmọ tirẹ̀ náà á sì jẹ ẹ́ tẹ̀ lé e."

"Àbúrò ńkọ́?"

Òyìnbó Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Àbúrò ń wá sí Ìkẹjà."

Ó ka orúkọ wọn fún wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó jẹ Ẹ́ẹ̀lì, orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n náà sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí a kọ Fáíkáǹtì Lẹ́dìn tì í. Tó bá ń sọ̀rọ̀, Lọ́ọ̀dù Lẹ́dìn ló ń pe ọmọ yẹn. Ó ní kí a fi àgbélébùú kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó ti lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dá a dùbúlẹ̀, kò sì lè wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fín àmì ìdílé náà sókè, orí ẹṣin àti ọwọ́ tó di ìjánu rẹ̀ mú, imú ẹṣin náà sì dà bí èyí tó fẹ́ sín. Orúkọ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n dá ọwọ́ dúró, wọ́n pè mí.

"Sàlámọ̀, Lẹ́dìn yìí, ṣebí ọ̀kan nínú oyè bàbá ni?"

"Òun ni, sà."

"Ọmọ ló wá ń jẹ ẹ́ báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n gbé irin sílẹ̀. "Bàbá ti lọ nìyẹn."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n ní Lọ́ọ̀dù ń bọ̀."

"Lọ́ọ̀dù tuntun ni. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń pe ọmọ náà ni? Ọmọ wo ló ń jẹ oyè bàbá rẹ̀ lójú bàbá?"

Mo ní ká ránṣẹ́ lọ bi Òyìnbó Àbúrò. Ọ̀gá wò mí bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. "Ta ló ń bi ọmọ ọba bóyá ọba wàjà? Ààfin kì í tètè sọ ọ́. Wọ́n ti ń ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe lábẹ́lẹ̀. O ò rí bójú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tó wá ni?" Lóòótọ́, ó ti rù, táì dúdú ló sì dè. Ibà ló ń bọ̀ lára rẹ̀, táì dúdú yẹn náà kò sì ju táì lọ, ṣùgbọ́n ta ni ká bi? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, à ń mọ̀ ọ́n ni, a kì í sọ ọ́.

Ọ̀gá mí síta, wọ́n fín àgbélébùú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Lọ́ọ̀dù. Èmi ni mo kun ọ̀dà sí i, àánú rẹ̀ tiẹ̀ ṣe mí. Títí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí idẹ náà, kò sẹ́ni tó súfèé ní yàrá wa. A ń bá òyìnbó ṣọ̀fọ̀ ọba rẹ̀, òun kò mọ̀.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ti kan idẹ mọ́ ògiri yàrá ìfín, wọ́n fi aṣọ bò ó. Òyìnbó Àbúrò wọlé, ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ ni, àgbàlagbà kan tó ń tẹ̀ lọ́pàá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí, Ẹ́ẹ̀lì Tọ́nmíà."

Mo wo Ọ̀gá. Kí ẹnikẹ́ni tó ronú ohun tí à bá ṣe, bàbá náà ti fa okùn, aṣọ ti já bọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti òkè, pẹ̀lú ìka. Ó dé orí ẹṣin, ó mi orí, ó dùn mọ́ ọn. Ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwa náà ń bá ìka rẹ̀ bọ̀. Ìka rẹ̀ dúró.

"Jẹ́rọ́mù," ó ní, "ìgbà wo ni mo kú?"

Ojú Òyìnbó Àbúrò pọ́n bí ata. Ó wo idẹ, ó wo Ọ̀gá, ó sì rìn wá dúró sáàárín àwa àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Èmi ni mo sọ ìtàn fún wọn, n kò sọ fún wọn pé nílùú wa, àkọ́bí Ẹ́ẹ̀lì ń fi oyè kékeré bàbá rẹ̀ pe ara rẹ̀ nígbà tí bàbá ṣì wà láyé. Iṣẹ́ tiwọn kò lábùkù. Tó o bá fẹ́ lé ẹnì kan, èmi ni kó o lé."

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Ọkùnrin tí kò ní oyè, tí kò ní ilẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un nìkan ló ní, ló ní kí wọ́n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ òun nítorí tiwa.

Ọ̀gá kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ṣàlàyé. Bàbá òyìnbó náà fetí sílẹ̀ dáadáa. "Nílé yín, ọmọ kò lè jẹ oyè bàbá tí bàbá bá wà láyé?"

"Kò lè jẹ ẹ́, sà. Wọ́n á ní ó ń retí ikú bàbá rẹ̀."

Bàbá náà wo ọ̀pá rẹ̀. "Ó wù mí kí ọmọ mi gbọ́ ìyẹn." Ó tún yíjú sí idẹ. "Ǹjẹ́ ó ṣeé parẹ́?"

"Ohun tí a bá fín kì í parẹ́, sà. Ojú idẹ la óò fá wálẹ̀ títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ àgbélébùú náà dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá lè jókòó, ẹ ó rí i."

Ó jókòó, orí àpótí tí àbúrò rẹ̀ máa ń jókòó sí. A tú idẹ kúrò lára ògiri. Ọ̀gá mú irin ìfá, èmi ń ta òróró sí i. Fá díẹ̀, nù ún, wò ó, tún fá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ọ̀gá kò sì kánjú torí pé Lọ́ọ̀dù ń wò wọ́n. Àwọn tó bá a wá ń wo aago, òun kò wo tirẹ̀. Nígbà tí àgbélébùú lọ tán, a fi èédú kíkúnná àti òróró dán ibẹ̀, ojú kò rí nǹkan kan mọ́. Bàbá náà fi àtàǹpàkò ra á.

"Ó jin díẹ̀ níbí."

Ẹnu mi ló yọ̀, kì í ṣe èmi: "Ibẹ̀ lẹ ti kú, sà."

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bá gbà á. Nígbà tó ń lọ, ó bi àbúrò rẹ̀ pé ǹjẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ rà lè mú ohun tó bá ṣì fín kúrò. Ìyẹn ní kò lè ṣe é. Ó ní kí ẹ̀rọ náà dúró ná. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Yàrá wa kò tì, èmi náà sì gba fíríìdọ̀mù mi lọ́dún yẹn.

Ọdún gorí ọdún, bàbá náà wá kú lóòótọ́. Òyìnbó Àbúrò kò ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá, táì dúdú lọ́rùn. Ó ní, "Ọ̀gá, lọ́tẹ̀ yìí ó ti lọ." Ọ̀gá gbé idẹ náà sórí tábìlì. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà náà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá na irin sí mi. Mo mí síta. Ibi tó jin díẹ̀ yẹn gan-an ni mo fín in sí.

Nígbà tí Ọ̀gá ń fẹ̀yìn tì, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Ọkùnrin yẹn fi ara rẹ̀ bò wá. Orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí idẹ ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọjọ́ tó bá ń lọ, ìwọ mọ ohun tí wàá ṣe." Wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ni wọ́n sì sùn sí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn òróró lára idẹ, ọkàn mi á fà sí wọn.

Lọ́ọ̀dù Lẹ́dìn tó di Ẹ́ẹ̀lì kò wá sí Ìkẹjà rí. Ó ta ilé-iṣẹ́ náà. Ilé ìkẹ́rùsí fìríìjì ni wọ́n ń lò ó fún báyìí. Kí Òyìnbó Àbúrò tó lọ, nǹkan kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ mú dání, idẹ yẹn ni. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a dán an. Mo yí i dojú dé, mo sì fín orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, mo fín oyè rẹ̀ tẹ̀ lé e: Ọ̀tún Yàrá Ìfín, Ìkẹjà.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. "Kí ni Ọ̀tún?"

"Ẹni tó ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ọba ni, sà. Ọ̀gá ni ọba yàrá wa, ẹ̀yin ni Ọ̀tún wọn."

"Ṣé ọmọ mi náà lè máa jẹ ẹ́?"

"Rárá, sà. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà láyé, ẹ̀yin nìkan ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín parí tí ẹkún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ dé lẹ́yìn náà, bó ti yẹ kó dé. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Agége. Èyí tó ń tọ ìlà lẹ́tà tí a ti gé sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, lésà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ fín idẹ ló gbẹ̀yìn. N kì í ṣe ọ̀tá wọn. Àwọn ará Aláúsá, níbi tí ìjọba Èkó fìdí sí, ló jẹ́ kí n mọ rírì lésà, torí ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá, kí pátákó orúkọ ọ̀gá kan tó gbẹ wọ́n ti gbé ẹlòmíràn dé. Ṣùgbọ́n lésà kì í mí, kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń fín. Àwọn ọmọṣẹ́ mi kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa ìlà títọ́ sára páànù. Mo ní àgbá tèmi náà.

Mo ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin Òyìnbó Àbúrò, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wá mi kàn lórí fóònù. Ó ní bàbá òun ti kú. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Idẹ wa ló wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn Ẹ́ẹ̀lì wà ló dojú kọ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú síta. Ó ní bí bàbá òun ṣe gbé e kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé nìyẹn. Ó wá ń béèrè bóyá kí òun wá ẹni tí yóò bá òun fín àgbélébùú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Mo sunkún, n kò tijú. Mo wá dá a lóhùn pé kó má fín àgbélébùú kankan síbẹ̀. Mo ní lẹ́ẹ̀kan rí, a pa alààyè sójú idẹ yẹn, kò burú tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ kí òkú kan wà láàyè. Mo ní ohun tó yẹ ni kó fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, torí bàbá ti pajú dé, oyè Ọ̀tún ti kàn án.

Ó ní nínú ìdílé àwọn, láti ọjọ́ ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú, kò sí obìnrin kankan tó jẹ oyè rí. Ó ní, "Ṣé obìnrin lè jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Ta lo rò pé ó fín in?"